Iyọ̀ Ló Ń Jẹ Bọ́dì, Kòtò Ló Ń Jẹ Ẹsẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Chicago ṣe yàtọ̀ sí Èkó, kó má wulẹ̀ bi mí nípa òtútù. Kó lọ ra ògbólógbòó bọ́ọ̀sì akẹ́rù, irú èyí tí àwa tó ń bá àwọn èèyàn ṣètò òde àríyá fi ń kó kúlà ìrẹsì, àga àti áńpù lọ sí gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni tèmi. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí mo ṣì fẹ́ kó gbé mi délé.

Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ìjọba á da iyọ̀ sí títì bí ẹni tí kò gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru rí. Iyọ̀ á yọ́ yìnyín, á sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìdí ilẹ̀kùn àti etí táyà ló kọ́kọ́ ń jẹ, ìyẹn ò sì ju ìtìjú lọ. Èyí tó burú ni páìpù bíréèkì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ìpẹtà á máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ ó fi tẹ bíréèkì lọ́jọ́ kan tí ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀, tí ọkọ̀ ò sì ní mọ̀ pé ẹ bá òun sọ̀rọ̀. Nílé, kòtò ni tiwa. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni Èkó ń jẹ: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, búṣì, ṣọ́kì. Ìdí nìyí tí dánfó fi lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta kí bọ́dì kan náà ṣì máa ru èrò. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa hó bí akọ, bọ́dì á ti lu jára.

Bí ọkọ̀ bá ṣàìsàn ní Múṣin, ọ̀gá mẹkáníìkì á ní kí ẹ tẹ iná sí i. Á fi ẹnu sukudíráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀, á dijú. Àwọn ọmọṣẹ́ ò ní mí. “Tápẹ́ẹ̀tì ni.” Ó parí. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1996 ni òfin ti pọn ọ́n dandan pé kí ọkọ̀ tuntun ní ojúhò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n á máa ti ẹ̀rọ bọ̀. Ẹ̀rọ náà á kọ P0304: iná sìlíńdà kẹrin ò jó dáadáa. Bóyá púlọ́ọ̀gì ni, bóyá kọ́ìlì ni, bóyá epo ni kò débẹ̀, kò sọ. Owó wíwò ti wọlé ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí. Ẹ̀yà ọkọ̀ ò wọ́n níbí, ọwọ́ tó máa dè é ló wọ́n. Ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ̀yà gan-an lẹ máa sunkún sí. Owó iṣẹ́, ẹ ṣì lè ná an, kẹ́ ẹ fi “ẹ ṣàánú mi” kún un.

Wákàtí ọ̀hún máa ń pọ̀ lórí irú bọ́ọ̀sì yìí, torí ibi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdajì yòókù ti wọlé tọ̀ yín wá, ó jókòó sáàárín awakọ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ìdérí ńlá kan. (Mo fẹ́ràn ìdérí yẹn o. Mọ́ínmọ́ín tí mo bá gbé tì í kì í tutù.) Ẹ bi àwọn tó ní Ford Econoline tó gbé ẹ́ńjìnnì Triton ti ìparí àwọn ọdún 1990. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, ìlà ìdè tó di púlọ́ọ̀gì mú nínú rẹ̀ ò sì ju bíi mẹ́rin lọ. Ìdè á máa jẹ, jẹ, jẹ. Lọ́jọ́ kan, gbàù! púlọ́ọ̀gì á ta jáde, á gbé kọ́ìlì dání. Ọkọ̀ ò ní kú o. Á máa lọ, á máa pariwo fù-fù-fù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì máa pe Jésù. Wọ́n lè tún ihò náà gbẹ́, kí wọ́n fi ìdè irin sínú rẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣe Econoline akẹ́rù kẹ́yìn, síbẹ̀ ẹ ò ní wọ títì kí ẹ má pàdé ọ̀kan.

Àṣà ilé kan ò tún bá irú bọ́ọ̀sì yìí mu: ká máa ra epo díẹ̀díẹ̀. Inú táǹkì ni pọ́ǹpù wà, epo ló ń mú un tutù. Ẹni tó bá ń fi iná pupa rìn kiri, pọ́ǹpù rẹ̀ ló ń sè.

Tèmi lọ́wọ́ yìí, ariwo ni. Bí òtútù bá mú láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ta kẹ́-kẹ́-kẹ́. Tó bá gbóná tán, á dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n tì bọ̀ ọ́ ní ara rẹ̀ le koko. Mo bá pe bàbá mẹkáníìkì wa ní Múṣin lórí WhatsApp, mo gbé fóònù sún mọ́ ìdérí.

“Pa á. Tún un tẹ̀.” Mo tún un tẹ̀. “Manifóòdù ni. Bóòtù kan ti já lára rẹ̀, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde. Tí irin bá gbóná, á wú, á dí i. Jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ bóòtù náà.”

“Bàbá, ìpẹtà ti mú gbogbo èyí tó kù. Tí wọ́n bá tú ọ̀kan, méjì á ṣẹ́ sínú. Wọn ò tiẹ̀ lè sọ iye wákàtí tó máa gbà.”

“Bọ́dì ńkọ́?”

“Iyọ̀ ti jẹ ẹ́, sà. Mò ń rí títì láti orí ìjókòó.”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. “Má tà á fún alájákù o. Tú ẹ́ńjìnnì yẹn, bá mi fi sí kọ̀ǹtánà àwọn tó ń kẹ́rù bọ̀ wálé. Dánfó kan wà nílẹ̀ níbí, nǹkan kan ò ṣe bọ́dì rẹ̀.”

“Bàbá, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ò lè wọ inú dánfó.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Wẹ́dà wà níbí.”