Ẹ Fi Fólíìkì Kún Ẹrù Ìyàwó

Aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Lórí ọ̀rọ̀ fítámì aboyún, èmi gan-an ni aṣíwájú yẹn, kòtò tí mo sì jìn sí kì í ṣe ẹyọ kan. Mo wà lára àwọn ọkùnrin Kétu ní Èkó tó mọ ohun gbogbo tán: iye tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan jẹ́ ní ọjà Mile 12 láàárọ̀ yìí, ẹni tó yẹ kó jẹ káńsẹ́lọ̀, àti bó ṣe yẹ kí aboyún tọ́jú ara rẹ̀. Mo gbà pé ìgbà tí ikùn bá ti yọ síta ni oògùn aboyún ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé kò sí fítámì inú ike tí kò sí nínú ẹ̀fọ́ ọjà wa. Mo gbà pé bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Lékè gbogbo rẹ̀, mo gbà pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni, pé ti ọkùnrin kò ju kó sanwó, kó sì máa ronú orúkọ tí yóò sọ ọmọ. Ohùn ńlá ni mo fi ń sọ gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ìwé pélébé tó ń wà nínú páálí oògùn, n kò tú u wò rí. Nígbà tí mo wá jókòó ti ẹ̀rí tó wà nílẹ̀, mo rí i pé gbòǹgbò kan ṣoṣo ni gbogbo àṣìṣe náà ní: n kò mọ ìgbà tí oyún ń bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò kò gùn. Kí oyún tó dé ló yẹ kí obìnrin ti máa lo fólíìkì, ìyẹn hóró fítámì tí wọ́n ń pè ní folic acid. Ẹni tó bá dúró de àyẹ̀wò ti pẹ́ fún iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tí hóró yẹn ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn dókítà kì í ka oyún láti alẹ́ ọjọ́ tó dúró. Ọjọ́ tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù tó rí kẹ́yìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Oyún a máa dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ náà. Láti ìgbà tó bá ti dúró, nǹkan bí ọjọ́ 28 péré ni ara ọlẹ̀ fi ń ká ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan pọ̀, tó sì ń pa á dé láti òkè délẹ̀. Òkè rẹ̀ ni yóò di ọpọlọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò di okùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Bí òkè kò bá pa dé, ọpọlọ àti agbárí kò ní pé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yè. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni kò pa dé, wọn a bí ọmọ náà tòun ti ẹ̀yìn tó là sílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má lágbára, omi sì lè máa kún inú orí rẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Ó lè máa rò pé wàhálà gòsíló ọ̀nà Ìkòròdú ló dà á láàmú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní ọdún 2016 pé kí aboyún ti rí òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́ẹ̀kìíní kí ọ̀sẹ̀ kejìlá tó kọjá. Ẹni tó bá pa òfin yẹn mọ́ ti ṣe dáadáa, síbẹ̀ ọ̀já tí à ń wí lè ti parí iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ti ẹni tó dúró di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún kó tó lọ gba káàdì ló wá burú jù: ó dà bí ẹni tó ń na ọwọ́ sí bọ́ọ̀sì BRT tó ti kúrò ní Mile 12, tó ti ń já èrò sílẹ̀ ní Ojota.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ta ló sọ pé hóró fólíìkì bíńtín lè ran ọ̀já yìí lọ́wọ́ láti pa dé? Ìbéèrè gidi ni, torí kò sí ará Èkó tí wọn kò tíì polówó oògùn kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ojú àti àìrọ́mọbí fún nínú dánfó. Ẹ̀rí tiwa kò ti inú dánfó wá. Ní ọdún 1991, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde ìwádìí Medical Research Council ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ibùdó 33 ní orílẹ̀-èdè 7 ló kópa; obìnrin 1,817 tí wọ́n ti lóyún ọmọ tí ọ̀já rẹ̀ kò pa dé rí ni wọ́n pín sí ọ̀nà, àwọn kan gba fólíìkì kí oyún mìíràn tó dé, àwọn kan kò gbà á. Ewu náà fi 72 nínú 100 dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró kó tó pé àsìkò. Ní ọdún 1992, Andrew Czeizel àti István Dudás gbé ti Hungary jáde, lára àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí: kò sí ẹyọ kan lọ́dọ̀ àwọn tó lo fítámì tó ní fólíìkì, mẹ́fà ló wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ti Ṣáínà jáde ní 1999. Máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ ni wọ́n lò níbẹ̀, ewu sì fi 79 nínú 100 wálẹ̀ ní àríwá, níbi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀, ó fi 41 wálẹ̀ ní gúúsù. Bí ẹ bá wá mọ ẹni tó lo oògùn yìí tí nǹkan ṣì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀, òótọ́ ni, 72 kì í ṣe 100. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ tí ìyá wọn kò lo nǹkan kan ń bọ̀ wáyé tí ara wọn dá ṣáká. Ohun tó mú kí àṣìṣe mi rọrùn láti gbà gbọ́ nìyẹn: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mi nírọ́ rí.

Àtakò tó lágbára jù ní àdúgbò wa ni ti ọjà. Ta ni yóò máa ra ewé nínú ike nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀fọ́ ń já sí Mile 12, tí ọsàn sì ń bẹ ní Kétu? Òótọ́ kan wà nínú rẹ̀. Inú ewé ni wọ́n ti fa fólíìkì yọ ní tòótọ́: ní ọdún 1941, àwọn onímọ̀ kan ní Texas lo nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́rin ẹ̀fọ́ spinach kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba bíńtín tí wọ́n ń wá. Ká ní Mile 12 ni wọ́n wà, àwọn alájàpá ẹ̀fọ́ ì bá ti sọ wọ́n di oníbàárà pàtàkì. Ọwọ́ tiwa ni ìṣòro wà. Fólíìkì a máa yọ́ sínú omi, iná sì máa ń bà á jẹ́. Ẹ wá wo bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ rírò: a ó rẹ́ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi híhó, a ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un títí omi aláwọ̀ ewé á fi gbẹ nínú rẹ̀, ká tó dà á sínú ata tó ti ń dín nínú epo. Ẹni tó bá fẹ́ rí fítámì ilé wa, kó lọ bẹ gọ́tà wò. Ẹ̀wà dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààbọ̀ ife ẹ̀wà sísè lè ní tó máíkírógíráàmù 105, àmọ́ 400 là ń wá lójúmọ́, ara kì í sì í gba ti inú oúnjẹ tó bó ṣe ń gba ti inú hóró. Láti ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ti sọ fífi fólíìkì sínú ìyẹ̀fun di òfin. Òfin tiwa náà ní kí wọ́n fi fítámì sínú ìyẹ̀fun àlìkámà, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wa gbé e dé inú ẹ̀bà? Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ọsàn, kí ẹ sì lo hóró náà.

Èyí tó tẹ̀lé e ni pé ìyá wa kò lò ó, a sì wà láyé. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ nígbà tí n kò tíì fetí sí i dáadáa. Àwa tí a wà láyé nìkan la ń jẹ́rìí. Ọmọ tó kú lọ́jọ́ kejì kò sí níbi ìpàdé, wọn kì í sì í sọ ìtàn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, àfi kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ọ̀tá ilé. Àwọn mìíràn ní fítámì máa ń sọ ọmọ di ńlá nínú, tí wọn yóò fi la ìyá rẹ̀. Fólíìkì kì í ṣe oúnjẹ tó ń múni sanra. Bákan náà ni hóró pupa tí gbogbo wa ń pè ní fẹ́sólétì: irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń bá wa ṣe. Ìwádìí ìlera NDHS ti ọdún 2018 rí i pé obìnrin 58 nínú 100, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ni ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn nílẹ̀ yìí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò sì ní ibi tí yóò ti mú u nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó pẹ́ kò fi gbọdọ̀ sọ pé ó ti parí, kó jókòó: iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ dọjọ́ ìbímọ. Irin lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, kì í ṣe májèlé. Ó lè rú inú sókè; kí obìnrin jẹun díẹ̀ kó tó lò ó, tàbí kó fi di alẹ́.

Nípa ti àṣírí oyún tí àwọn àgbà ní ká pa mọ́, n kò bá wọn jà. Oyún máa ń wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lọ́gbọ́n nínú kéèyàn má tíì pariwo oyún oṣù kan. Ṣùgbọ́n oògùn lílò yàtọ̀ sí ìkéde. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ló tilẹ̀ ń pa àṣírí mọ́ jù. Ará ilé tó bá rí páálí fítámì aboyún lọ́wọ́ ìyàwó lónìí á ti máa ka oṣù. Bó bá jẹ́ pé gbogbo obìnrin tó ń retí ọmọ ló ń lo fólíìkì láti ọdún tó kọjá, kí ni olófòófó fẹ́ kà? Ti owó náà kò le, torí fólíìkì wà lára oògùn tí owó wọn kéré jù nílé oògùn. Ìṣòro tirẹ̀ gan-an lè jẹ́ pé kò wọ́n. Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ti òde òní, orí fìríìjì ló ń gbé, nínú ọ̀rá kékeré tí nọ́ọ̀sì fi báírò kọ nǹkan sí. Ìránnilétí wà lára iṣẹ́ ọkọ, ó sì wúlò ju orúkọ ọmọ tó ń rò lọ.

Ó ku ti ẹni tó gbà pé bó bá pọ̀ ló dára, ìyẹn èmi. Máíkírógíráàmù 400 kò ju 0.4 mìlígíráàmù lọ. Hóró ìyeyè kékeré tó wọ́pọ̀ láwọn kẹ́míìsì wa, mìlígíráàmù 5 ni, ó ju ti àkọ́kọ́ ní ìlọ́po 12 àti ààbọ̀. Èyí tó tóbi yìí ní àwọn tó ni ín: obìnrin tó ti lóyún irú ọmọ tí à ń wí rí, ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tó ń lo oògùn wárápá, àti àwọn mìíràn tí dókítà bá yàn án fún. Fún ẹlòmíràn, púpọ̀ lè di ìdíwọ́. Láti oṣù kẹrin ni wọ́n ń fún aboyún ní oògùn SP tó ń dènà ibà, WHO sì ti kìlọ̀ pé fólíìkì mìlígíráàmù 5 lè sọ SP di aláìlágbára, 0.4 kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ 5 fún kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó bi ẹni tó kọ ọ́. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fítámì oríṣi méjì kún ara wọn, kó tún máa jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù lójoojúmọ́, torí àpọ̀jù fítámì A lè ṣe oyún tuntun ní jàǹbá. Nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ wò lára páálí, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á.

Níbo wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé ìtọ́jú aboyún ti pẹ́ jù? Àwa Yorùbá ti ní ibẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í fẹ́ so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jẹnotáìpù. Lọ́jọ́ tí ọmọge bá lọ ṣe àyẹ̀wò AA àti AS yìí gan-an ni kí wọ́n kọ fólíìkì fún un. Ní Ṣáínà, ibi àyẹ̀wò ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n ti bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nínú ìwádìí tí mo dárúkọ. Kí àwa náà fi páálí kan sí àárín iṣu, obì, orógbó àti ataare lọ́jọ́ ìdána; alága ìjókòó tó ń gbowó lórí ohun gbogbo yóò rí ohun gidi gbowó lé lórí. Ẹni tó fẹ́ yọ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kó lè tún bímọ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mò ń sọ. Àjọ CDC ti Amẹ́ríkà ní kó kéré tán ó ku oṣù kan kí oyún dé kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́: obìnrin tó lè lóyún lóṣù yìí, oṣù tó kọjá ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, òní ni kó bẹ̀rẹ̀.