Táàbù, Ihò àti Àna: Ìnáwó Orí Àwo Irin Méjì Lára Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré

Ní etíkun Florida, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi aládàáni ti pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ, táàbù ni orúkọ àwo irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi hínjì so mọ́ ìsàlẹ̀ ìdí ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí awakọ̀ sì tẹ bọ́tìnnì, àwo náà á dojú kọ ìsàlẹ̀, omi tó ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ á tì í sókè, ìdí ọkọ̀ á gbéra, imú rẹ̀ á sì wálẹ̀, tí awakọ̀ yóò fi lè rí iwájú dípò ojú ọ̀run. Bí ọkọ̀ bá sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí atẹ́gùn, tàbí nítorí pé àwọn èrò tó wúwo jókòó pọ̀ síbì kan, a lè tẹ àwo ẹ̀gbẹ́ náà nìkan láti gbé e dìde.

Àwo tí à ń wí yìí lè jẹ́ olóróró, nínú èyí tí pọ́ǹpù kékeré kan ń fi òróró ti ọ̀pá irin jáde, ó sì lè jẹ́ oníná, nínú èyí tí mọ́tò ń yí ọ̀pá náà láìlo òróró rárá. Èyí tó bá wù wá nínú méjèèjì, owó rẹ̀ fún ọkọ̀ tó gùn tó 20 ẹsẹ̀ bàtà sábà máa ń wà láàárín 500 sí 1,000 dọ́là, láìka bọ́tìnnì olówó gegere tí ó ń fi iná hàn ibi tí àwo dé, àti síǹkì, ìyẹn ègé irin tí a ń dè mọ́ àwo kí omi iyọ̀ lè máa jẹ òun dípò àwo fúnra rẹ̀. Oríṣi kan tún wà tí ó ń lo sípíríǹgì onígáàsì, tí kò ní wáyà, tí kò ní bọ́tìnnì, tí owó rẹ̀ sì rọjú púpọ̀, àmọ́ awakọ̀ kò lè darí rẹ̀ láti orí àga. Iye wọ̀nyí ni àwọn tó fẹ́ ra táàbù máa ń kà, àwọn náà sì ni òǹkọ̀wé àròkọ yìí kà, nítorí pé ìwé iye ọjà kì í mẹ́nu ba ihò.

Kí a tó dé orí ihò, ó tọ́ kí a sọ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń gba ọlọ́kọ̀ níyànjú láti kọ́kọ́ wo ibi tí ẹrù wà, nítorí pé imú tó ga jù sábà máa ń jẹ́ ẹ̀bi ìdí tó wúwo jù, gbígbé ẹrù síwájú kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ná kọ́bọ̀. Nínú ọkọ̀ òǹkọ̀wé yìí, ẹ́ńjìnnì, bátìrì méjì àti kúlà ńlá tó kún fún yìnyín ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ìyá ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò wọn obìnrin méjì, tí wọ́n fẹ́ràn ìjókòó ẹ̀yìn nítorí pé omi kì í ta sí gèlè níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ìmọ̀ ẹ̀rọ bèèrè ni pé kí ẹnì kan sọ fún àwọn àgbà mẹ́ta yìí pé kí wọ́n sún síwájú nítorí ìwúwo wọn. Òǹkọ̀wé wo ọ̀rọ̀ náà síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó sì ra táàbù.

Ìlànà tí àwọn olùṣe táàbù sábà ń fi lélẹ̀ ni pé kí àwo kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ fi gùn. Òǹkọ̀wé ra ti ọkọ̀ 30 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tó gùn ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé wọ́n dín owó rẹ̀ kù, àkàbà tí àwọn tó ń wẹ̀ fi ń gòkè kò sì fún àwo ọ̀tún láàyè, ni ó bá san owó ìfiránṣẹ́ láti dá a padà, kí ó tó gba èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ihò ni ìnáwó gan-an. Àwo méjì lè gba tó 20 ihò skúrù, inú ògiri ìdí ọkọ̀ ni a sì ń lu wọ́n sí, èyí tí ó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, pákó ni wọ́n há sí àárín fáíbà méjì. Bí omi bá gba ojú ihò kan wọlé, pákó á jẹrà níbi tí ojú kò tó, àtúnṣe rẹ̀ sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ìdí nìyí tí a fi ń fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi dí ojú ihò skúrù kọ̀ọ̀kan. Ó tún yẹ kí hínjì ga díẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ, kí àwo má baà máa wọ́ omi nígbà tí a bá ká a sókè. Òǹkọ̀wé, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti wọn nǹkan, wọn ọ̀tún dáadáa, ó wá fi ojú wọn òsì, ó sì yan gọ́ọ̀mù tó lágbára jù lọ, irú èyí tí ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó gan tán, tí kì í sì í fẹ́ tú mọ́. Ó gan tán lóòótọ́. Nígbà tí ó hàn pé àwo òsì ti rẹlẹ̀ jù, iná gbígbóná àti ọ̀bẹ ni mẹkáníìkì fi yọ ọ́, ọ̀dà ara ọkọ̀ bá a lọ, wọ́n fi gọ́ọ̀mù épọ́sì dí ihò àkọ́kọ́, wọ́n sì lu òmíràn, ní iye tó lé ní 100 dọ́là fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí owó iṣẹ́ fi kọjá owó ọjà.

Ó wá ku wáyà, èyí tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ so láti dín ìnáwó kù. Nínú ọ̀pọ̀ táàbù, bọ́tìnnì ọ̀tún ló ń tẹ àwo òsì, nítorí pé ohun tí a kọ sára bọ́tìnnì kì í ṣe orúkọ àwo bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ imú ọkọ̀ tí yóò wálẹ̀. Òǹkọ̀wé so ọ̀tún mọ́ ọ̀tún, ó so òsì mọ́ òsì. Nígbà tí atẹ́gùn wá mú ọkọ̀ fì sí òsì, tí ó sì tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kí ó mú un tọ́, ṣe ni ọkọ̀ tún fì sí i. Bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ń fì, títí tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ké, tí wọ́n dìde pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn, tí wọ́n lọ di òpó mú níwájú, tí imú ọkọ̀ sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Mẹkáníìkì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pààrọ̀ wáyà lọ́jọ́ kejì, ó sì gba owó wákàtí kan, nítorí pé wákàtí kan ni iṣẹ́ tó kéré jù ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀.