Ta Ló Fẹ́ Ra Wágọ̀n ní Airport Road?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń rò yín síre ní ìlú Warri, ẹ kàn sọ ọ́ síta pé Mẹ̀sí wágọ̀n tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan á ti pè yín láti béèrè pé ta ló kú. Ẹlòmíràn á ní kẹ́ ẹ má mikàn, nǹkan ṣì ń bọ̀ wá dáa, gbogbo wa la mọ bí ìlú ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́n ju àwọn yòókù lọ á bi yín pé páàkì wo lẹ ti fẹ́ máa gbé èrò, ṣé ti Sapele ni àbí ti Benin.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Effurun ló kó ara wọn sí yánpọnyánrin yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ṣùgbọ́n Warri ti gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ débi pé pijin ni wọ́n fi ń lálàá. Wọ́n ń kọjá lọ ní Airport Road, ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ pápákọ̀ òfuurufú nígbà tó jẹ́ pé Osubi lẹni tó fẹ́ wọ bàálù ń lọ, ni wọ́n bá tajú kán rí i nínú ọgbà àwọn tó ń ta mọ́tò. Mẹ̀sí E320 ni, ti ọdún 2005, àwọ̀ fàdákà, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn lọ rẹrẹẹrẹ. Ọkàn wọn fà sí i. Wọ́n ní kí n gba àwọn nímọ̀ràn. Ẹni tó bá sì ní kí akọ̀wé ìwé ìròyìn gba òun nímọ̀ràn, gbogbo ìlú ló fọ̀rọ̀ lọ̀.

Ká tó dá ẹjọ́, ká gbọ́ tẹnu òyìnbó. Lọ́dọ̀ tiwọn, wágọ̀n kì í ṣe ọkọ̀ ẹni tí ayé ń fìyà jẹ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977 ni iléeṣẹ́ Mercedes-Benz gbé wágọ̀n àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe jáde ní Frankfurt. Ẹni tó ní ajá ọdẹ, tó ní ilé ìsinmi lóko, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fúnra rẹ̀ wa wágọ̀n Vauxhall láwọn ọdún 1960, kò sì sẹ́ni tó bi í pé páàkì wo ló ti ń gbé èrò.

Tiwa yàtọ̀. Ní ọdún 1975 tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna, owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ṣì ń rùn lápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí ìjọba ológun, tó sì ní kí àwọn aláṣẹ dẹ̀kun fáàrí, Pijó 504 ni wọ́n fi ń gbé wọn kiri. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ sàlúùnù nìkan ló níyì. Èyí tó jẹ́ wágọ̀n bọ́ sọ́wọ́ àwọn awakọ̀ èrò, torí pé ìlà àga mẹ́ta ló ní, wọ́n sì fi sípíríǹgì mẹ́rin gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró, kó lè ru ohunkóhun tí ojú bá rí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láti Èkó dé Warri láwọn ọdún 1980 á rántí: àpò gaàrí lábẹ́ ẹsẹ̀, ìgúnpá ẹni tí a ò mọ̀ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, orí ń kan òrùlé ní gbogbo kòtò tó wà láàárín Ṣàgámù sí Benin. Àwọn tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn nígbà náà ló di ọ̀gá lónìí. Ọjọ́ tówó kọ́kọ́ wọlé fún wọn ni wọ́n ti búra pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní í tẹ inú wágọ̀n mọ́, àfi lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀hún ò bá lè rìn mọ́.

Ìbúra yẹn ló sì ń ṣẹ. Púpọ̀ nínú wágọ̀n tó kù lójú títì ní ìpínlẹ̀ Delta, òkú ni wọ́n ń gbé. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ó rí wọn, iná ń ṣẹ́jú lórí wọn, sáírìn ń ké, àwọn onífèrè ń jó níwájú. Nítorí náà, ẹni tó béèrè pé ta ló kú yẹn, kì í ṣe pé ó ń ṣépè. Ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń sọ.

Ọkọ̀ ẹni iyì lóde òní, jíìpù ni. Lọ́dún 2023, nígbà tí gbogbo ìlú ṣì ń ka owó tó ṣẹ́ kù lápò lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, àwọn aṣòfin ní Abuja ra jíìpù Land Cruiser. Ìròyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ₦160 mílíọ̀nù. Nígbà tí ariwo ta, sẹ́nétọ̀ kan bọ́ síta, ó ní ọ̀nà Nàìjíríà ló burú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tó ń buwọ́ lu owó ọ̀nà ló ń ké pé ọ̀nà ò jẹ́ káwọn gun ọkọ̀ kékeré.

Èmi ò bá wọn jà, wọ́n ti là mí lóye. Ẹni tó bá ra jíìpù ti bá kòtò buwọ́ lu ìwé àlàáfíà. Ó ti gbà pé kí kòtò máa gbé ayé rẹ̀, òun á máa gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó ra wágọ̀n, tí ikùn ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ọ̀dà, òun ló ṣì gbà pé ìjọba ń bọ̀ wá ṣe ọ̀nà. Ìgbàgbọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ti àwọn tó ń gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí òjò oṣù Keje dé, kí Airport Road kún fómi, kẹ́ ẹ wá wo ẹni tó máa lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó ń tà á fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Irú àwọn òǹtajà bẹ́ẹ̀ kì í ṣaláìfi èèyàn lọ́kàn balẹ̀. "Ọ̀gá, na direct Belgium. First body. AC dey chill die." Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni iye tó pè é. Owó rẹ̀ kò tó ti jíìpù Highlander tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì wà nínú ọ̀rá, Mẹ̀sí ló wọ́n jù. Ibí yìí gan-an ni làákàyè ti máa ń bọ́ lórí èèyàn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èbúté ti ba òwe yẹn jẹ́. Àjọ UNEP ní láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọkọ̀ àlòkù ni àwọn ará Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sáwọn ilẹ̀ mìíràn, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ọmọdé ti wá ní àkísà àgbà láì ní aṣọ kan ṣoṣo rí. Àkísà ọlọ́lá ọ̀hún ò sì gba ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ ọlọ́lá ló ń béèrè.

Ẹ wo bíréèkì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń darí bíréèkì E-Class, ìdílé tí E320 yìí ti wá, nígbà yẹn. SBC ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, iléeṣẹ́ náà pe ọkọ̀ 680,000 padà nítorí rẹ̀. Ọdún kejì, wọ́n tún pe òmíràn. Nígbà tó di 2006, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára E-Class. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bíréèkì yìí mọ ìṣirò. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń kà á. Tó bá ti pé iye tí wọ́n dá fún un, iná á tàn níwájú yín pé kẹ́ ẹ lọ ra òmíràn. Ẹni tó jókòó ní Jámánì tó ro èyí jọ kò rí kẹ̀kẹ́ Márúwá rí. Kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kan á já wọ iwájú yín láti apá ọ̀tún, òmíràn á yí padà lójijì torí pé èrò pè é lódìkejì títì, ẹnì kan á sì dúró gbagidi láàárín ọ̀nà láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, torí pé Warri ni, àwàdà kì í dúró de ẹ̀gbẹ́ títì. Iye tí bàbá arúgbó kan ní Munich ń tẹ̀ láàárín oṣù kan, ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tó dé Enerhen.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn. Kì í ṣe sípíríǹgì ló gbé e dúró, àpò afẹ́fẹ́ ni. Tí àpò náà bá lu, ìdí ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, imú rẹ̀ á yọ sókè, ẹ ó sì máa wo ojú ọ̀run lọ síbi iṣẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ iye tí wọ́n ń ta tuntun, mẹ́káníìkì yín á fi ọwọ́ lé yín léjìká, á ní, "Ọ̀gá, make we convert am." Á yọ àpò afẹ́fẹ́ dà nù, á wá sípíríǹgì Pijó fi rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa san owó Mẹ̀sí tán tí ẹ ó máa gun 504.

Ti àga tó wà ní bọ́ọ̀tù tún wà níbẹ̀. Méjì ni, wọ́n kọ ojú sẹ́yìn, ọmọdé ni òyìnbó sì ṣe wọ́n fún. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ síbi ìnáwó ní Ughelli, tí àga iwájú àti àárín ti kún, ta lẹ máa ní kó lọ kọjú sẹ́yìn? Tó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó ni, ẹ ò fẹ́ rí i nìyẹn. Tó bá jẹ́ ìyá ìyàwó, ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Tó bá sì jẹ́ ọmọ yín, á máa rí gbogbo àwọn tí bàbá rẹ̀ jẹ lówó bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, á sì máa juwọ́ sí wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú títún nǹkan bọ̀gìnnì àtijọ́ ṣe, kò dìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì. Ekpan ò jìnnà. Ọdún 1978 ni iléeṣẹ́ ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ohun tó lé ní mílíọ̀nù 897 dọ́là láti tún un ṣe. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n kéde pé ó ti jí. Kí oṣù Kìíní tó parí, ó ti tún sùn. Gbogbo ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí ló mọ ìtàn yìí: lọ́jọ́ tí wọ́n wá wò ó, ó ṣiṣẹ́.

Lórí ilẹ̀ tí epo rọ̀bì ti ń sun yìí náà, lítà pẹtiróòlù tí iye tí ìjọba dá lé e kò tó ₦200 kí owó ìrànwọ́ tó lọ ní oṣù Karùn-ún 2023 ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Dọ́là tí báńkì ń pè ní nǹkan bí ₦470 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023 ti fò kọjá ₦1,500 lọ́dún kejì. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà ló wà nínú wágọ̀n yìí, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra gbogbo ohun tó bá bà jẹ́ lára rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọkọ̀ náà. Lójú ọ̀nà tó dáa, wágọ̀n ju jíìpù lọ. Ó rẹlẹ̀, ó gbá ilẹ̀ mú, kì í jó sọ́tùn-ún sósì tí ẹ bá ń yà ní kọ́nà, ẹrù tó sì máa ń gbà á yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ní owó rẹ̀ lọ́nà méjì, ọ̀kan fún ẹni tó ń tà á, ọ̀kan fún ọdún àkọ́kọ́; bí mẹ́káníìkì yín bá ní ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà Mẹ̀sí sọ̀rọ̀, tí kì í ṣe ẹni tó ń fi etí lásán gbọ́ àìsàn; bí ìwé àwọn aṣọ́bodè bá pé, tí kì í ṣe èyí tó gba inú igbó Sẹ̀mẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí ìjọba ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti oṣù Kìíní ọdún 2017: kò sóhun tó burú nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọkọ̀ náà nílò ni ọ̀nà, wọn ò sì ń ta ìyẹn nínú ọgbà mọ́tò kankan ní Airport Road.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á fún ara yín. Ẹ jẹ́ ká dáwó, èmi náà á mú tèmi wá, ká rà á fún aṣòfin àgbègbè yín. Ká gba Land Cruiser lọ́wọ́ rẹ̀, ká gbé wágọ̀n yìí fún un ní Abuja, pẹ̀lú bíréèkì tó mọ ìṣirò àti àpò afẹ́fẹ́ tó ń lu, ká sì mú un búra pé owó ara rẹ̀ ni yóò máa fi tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, kó gba Lokoja àti Auchi, kó máa wà á bọ̀ wálé.