Orúkọ Ọmọ, Àpò Àlejò

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tuntun kì í dá ara rẹ̀ sọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ á pé, wọ́n á gbé abọ́ omi sílẹ̀, ẹbí àti ará á máa sọ owó sínú rẹ̀, ẹni tó bá sọ owó á pe orúkọ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyípadà ni ìlú kan bí, ẹ má wulẹ̀ wolé. Àpò àlejò ni kí ẹ wò.

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ilẹ̀ Lárúbáwá bí ọmọ méjì ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 14 ní Bahrain, níbi tí àwọn aráàlú ti ń bínú pé ọba àti ẹbí rẹ̀ ń dá iṣu ìlú jẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kún oríta Pearl ní Manama fọ́fọ́. Èkejì dé lọ́jọ́ kejì ní Benghazi, ní Libya, nígbà tí ìjọba mú Fathi Terbil, agbẹjọ́rò àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Abu Salim ní 1996. Igbe kan náà ni ọmọ méjèèjì ké. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ìkómọjáde wọn.

Ti Bahrain kò gba àkókò. Ibẹ̀ ni ọ̀wọ́ karùn-ún àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ṣe ibùdó, kò sì sí àlejò tó fẹ́ kí igbe ọmọ dí òun lójú oorun. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, Saudi Arabia kó ṣọ́jà wọlé, United Arab Emirates kó ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn, wọ́n ní àwọn wá bá aládùúgbò tún ilé ṣe. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Rògbòdìyàn. Òpó gíga tó wà láàárín oríta Pearl, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ 18, bí ẹni pé òpó ló ń ṣe ìwọ́de.

Ti Libya ló ní jọ̀lọ́ọ̀fù. Baálé ilé, Muammar Gaddafi, ló kọ́kọ́ pe orúkọ tirẹ̀: ó ní eku ni wọ́n, ó ní aáyán ni wọ́n, ó ní ẹnì kan ló ń fi oògùn sínú Nescafé àwọn ọmọdé tí wọ́n fi ń ya sí ìgboro. Ẹ rántí pé ìdìtẹ̀gbàjọba ni òun alára fi wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1969, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 27. Ó sọ ọ́ ní Ìyípadà, ó sọ ara rẹ̀ ní Olùdarí Ìyípadà, ó sì fi orúkọ yẹn jẹun fún ọdún 42. Lójú tirẹ̀, ta ló wá lè yí Ìyípadà padà, bí kò ṣe eku tó mu Nescafé?

Àwọn àlejò bá dé. France ló kọ́kọ́ sọ owó sínú abọ́: ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ó ní ìgbìmọ̀ àwọn ará Benghazi ni ìjọba tòótọ́. Ààrẹ France nígbà náà, Sarkozy, òun kan náà ló gba Gaddafi lálejò ní Paris ní òpin ọdún 2007, tó jẹ́ kó pa àgọ́ rẹ̀ sí ọgbà àwọn àlejò pàtàkì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé ẹjọ́ kan ní Paris rán Sarkozy lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún, pé ó lọ́wọ́ nínú ìdìtẹ̀ láti wá owó Gaddafi fún ìbò ọdún 2007. Ó ní irọ́ ni, ó sì ti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Tiwa kò ju ká wòran lọ: ẹni tó wá sọ owó sínú abọ́, ilé ẹjọ́ ní ó ti kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àpò onílé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá gbà láti dáàbò bo aráàlú. Mẹ́wàá ní bẹ́ẹ̀ ni, márùn-ún ní àwọn kò dá sí i, ẹnikẹ́ni kò ní rárá. Nàìjíríà wà lára àwọn mẹ́wàá. Lọ́dún kan ṣáájú, Gaddafi ní kí wọ́n pín Nàìjíríà sí méjì, ti Mùsùlùmí lọ́tọ̀, ti Kìrìsìtẹ́nì lọ́tọ̀. David Mark tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin àgbà nígbà náà ní wèrè ni. Èmi kò sọ pé torí ìyẹn la ṣe nawọ́ o. Mo kàn rántí ni.

United Arab Emirates ńkọ́, àwọn tó kó ọlọ́pàá lọ di ọmọ Bahrain lẹ́nu? Nínú oṣù Kẹta yẹn kan náà, wọ́n fi bàálù ogun ránṣẹ́ kí igbe ọmọ Libya lè rinlẹ̀ dáadáa.

Lásìkò yẹn, mo jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akàwé-ọ̀fẹ́ níwájú ìsọ̀ fẹ́ńdọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Fẹ́ńdọ̀ a fi pèègì gbé ìwé ìròyìn kọ́ sára okùn, àwa a dá ọwọ́ sẹ́yìn, a na ọrùn bí ògòǹgò. Lọ́jọ́ kan, fọganáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi ìka tó kún fún epo tọ́ka sí ìwé méjì.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Ìwé yìí ní ọlọ̀tẹ̀, tọ̀hún ní ajìjàgbara. Ṣé wọ́n ń bára wọn jà ni?"

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àwọn kan náà ni. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ yẹn ni àlejò kò tíì kí kú ewu ọmọ."

"Gaddafi wá ní eku ni wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Tíṣà, eku wo ló ń ní bàálù?"

Ó padà sídìí táyà rẹ̀. Àwa ọ̀mọ̀wé kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀gá nínú ìsọmọlórúkọ ni Amẹ́ríkà. Òfin wọn ti ọdún 1973 ní bí ààrẹ bá kó ọmọ ogun wọ ìjà, tí 60 ọjọ́ pé, tí ilé aṣòfin kò fọwọ́ sí i, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò. Ọjọ́ pé nínú oṣù Karùn-ún. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìjọba Obama ṣàlàyé pé ohun tó ń lọ ní Libya kò tó ohun tí òfin ń pè ní ìjà: kò sí ṣọ́jà Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù lù kò lè lù wọ́n padà. Ẹ ò rí nǹkan! Bí o bá gbé ọmọ odó, tí o là á mọ́ aládùúgbò lórí, tí kò lè dìde, ìjà kọ́ nìyẹn. Iyán lo gún, orí rẹ̀ ló ṣèèṣì bọ́ sínú odó. Nígbà tí NATO, àjọ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa fi parí iṣẹ́ ní Libya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, bàálù rẹ̀ ti gbéra lé ní ìgbà 26,000.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe Paris ló kọ́ àwọn ará Benghazi ní ẹkún. Ìyá tó sin ọmọ ní Abu Salim kò nílò olùkọ́ èdè Faransé kó tó sunkún. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ọwọ́ àlejò sì ni ìjánu yẹn wà.

Orúkọ kan tilẹ̀ wà tí ó ń pani: ajagun-gbowó. Gaddafi gba àwọn kan ní òkèèrè láti jà fún un lóòótọ́, ni àwọn ajìjàgbara bá ń fi àwọ̀ ara mọ ajagun-gbowó. Àwọn ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó wá ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Tripoli, ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, di ẹni tí wọ́n ń kó sí àtìmọ́lé. Ìlú Tawergha, níbi tí àwọn ará Libya aláwọ̀ dúdú ń gbé, nítorí pé àwọn kan níbẹ̀ bá Gaddafi gbógun ti ìlú Misrata, gbogbo ìlú ló sanwó ọ̀rọ̀. Èèyàn tó lé ní 30,000 sá fi ilé sílẹ̀. Ìwé ìròyìn tó ń ka iye bọ́ǹbù lójoojúmọ́ kò rí àyè púpọ̀ fún wọn: wọn kò ní àlejò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, inú páìpù àgbàrá lẹ́bàá ìlú Sirte ni wọ́n ti fa Gaddafi jáde kí wọ́n tó pa á. Àwọn tó pè ní eku ló ń pe òun náà ní eku. Àwọn àlejò jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n gba ọ̀nà ilé. Lónìí, ìjọba méjì ló ń fa Libya mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tí à ń pè ní ajìjàgbara lọ́dún 2011, mìlíṣíà ni ìròyìn ń pè wọ́n báyìí. Ìbọn wọn kò yí padà. Owó inú abọ́ ló tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún dúró níwájú ìsọ̀ Mọ́kọ́lá. Ìyípadà mìíràn ti wà lára okùn, nílùú mìíràn, a sì ti ń já a láàárín ara wa: ẹnì kan ní agbésùnmọ̀mí ni wọ́n, ẹnì kan ní akọni ni wọ́n, èmi náà ti ń wá orúkọ tèmi. Fẹ́ńdọ̀ gbé orí sókè láti ibi tó ti ń ka ṣéńjì.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ tán. Ta ló fẹ́ ra ìwé nínú yín?"

Gbogbo wa tú ká.