Ta Ni Mo Ṣẹ̀ Tí Fáìlì Mi Fi Ń Fojú Mi Gbolẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i! Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo fi ń jẹun: ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Òkè-Oyì níbí, ọ̀kan wà nílé, ìkẹta wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlọrin, òun ló ń bá mi to fọ́tò sára káàdì wòlímọ̀. Kí iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ọ̀kan ṣáà hàn lórí àwọn tó kù. Ṣé ìyẹn náà wá dọ̀ràn?

Fláàṣì ńkọ́? Ẹ tì í bọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, fáírọ́ọ̀sì á gbé gbogbo fódà yín pa mọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣí. Mo ní ó dáa, ká gbé àwọn fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Subuhánállàhì! Dropbox ní GB 2 lọ̀fẹ́ tòun, OneDrive ní 5, Google Drive ní 15, inú mi ti ń dùn, àṣé Gmail ń jẹ nínú 15 náà, fọ́tò tuntun ń jẹ níbẹ̀ láti oṣù kẹfà 2021, bẹ́ẹ̀ mi ò lè sọ pé kí ẹbí má fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n ní kí n sanwó kí àyè lè fẹ̀ sí i, owó náírà tí dọ́là ti fojú rẹ̀ rí màbo láti 2023, dátà ńkọ́, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó rẹ̀, kí la fẹ́ ṣe fún wọn gan-an?

Lọ́jọ́ kan, èmi àti àbúrò mi jọ fọwọ́ kan káàdì kan náà. Ó di méjì! Ọ̀kan ní Sátidé ni wòlímọ̀, èkejì ní Sọ́ńdè ni, oníbàárà dúró lé mi lórí.

Wọ́n wá júwe Syncthing fún mi. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2013 ló ti wà, láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà ló ń gbé fáìlì, kò fi í pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo yọ̀! Àṣé kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lásìkò kan náà. Iná Òkè-Oyì àti iná Ìlọrin dà bí orogún tó ń bára wọn yodì: bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde.

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bí iná bá ti dé lọ́dọ̀ yín, ẹ pariwo sókè, kí n sáré tan jẹnẹrétọ̀.