Owó Tí Mo Ná Kí N Lè Máa Ṣọ́wó Ná

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé ìṣọ́wóná fúnra rẹ̀ ń jẹ owó. Nígbà tí ọdún 2022 ń lọ sópin, mo búra pé 2023 ò ní fojú mi gbolẹ̀ bíi tàwọn tó ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo kọ́bọ̀ tó bá wọlé á lórúkọ, gbogbo èyí tó bá fẹ́ jáde á kọ́kọ́ sọ ibi tó ń lọ. Ni mo bá gba ọjà Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn lọ láti múra sílẹ̀. Mo ra léjà ẹlẹ́yìn páálí, irú èyí táwọn akọ̀wé kóòtù máa ń há sábíyá nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ra bírò pupa fún owó tó ń jáde, bírò búlúù fún owó tó ń wọlé. Mo ra rúlà, mo sì ra kakulétọ̀ tó ní bọ́tìnnì ńláńlá, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan wà nínú fóònù mi tí mi ò san nǹkan kan lé. Mo délé, mo jókòó, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ni owó léjà. Ó tún kan owó bírò. Ojú ewé yẹn ti pọ́n látòkè délẹ̀ kí ọdún tí mò ń múra dè tó wọlé.

“Bàbá Tọ́lá, ṣé báńkì lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ni?” Ìyá Tọ́lá ló béèrè bẹ́ẹ̀. Abọ́ ẹ̀fọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì.

Ó yẹ kí n bi í bí òun ṣe ń ṣe tiẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú èésú pẹ̀lú àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń pàtẹ ní Bódìjà. Gbogbo wọn á dá iye kan náà lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó gbogbo ẹ̀ lọ, wọ́n á máa yí i po títí á fi kárí. Kò sí èlé, kò sí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ ẹ̀ ti pẹ́. Kódà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Ó tún ní alájọ tó ń wá gba owó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń sàmì sí káàdì fún un, tí owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ ti alájọ. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Àmọ́ èmi kàwé, mo sì ti gbà pé ohun tí ò bá ti ní ìlà kì í ṣe ìṣúná.

Tèmi ní ìlà. Oúnjẹ, owó iléèwé, gáàsì, iná, ìdámẹ́wàá, epo mọ́tò. Iye tí mo ra bẹntiróòlù lọ́sẹ̀ yẹn ni mo fi ṣírò ti ọdún gbáko. Mo wá fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ àròpọ̀ ẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé. Ọ̀rọ̀ epo parí nìyẹn.

Lẹ́yìn léjà, ó kan kóló. Mi ò fẹ́ oníke tí wọ́n ń tà létí títì, tọ́mọdé lè fọ̀bẹ là. Mo lọ bá káfíńtà àdúgbò wa. Ó bi mí bóyá kóun fi ilẹ̀kùn kékeré sí i lẹ́yìn, kí n máa tì í. Mo ní rárá, mo mọ ara mi. Ohun tó bá ti ní kọ́kọ́rọ́, màá ṣí i. Mo ní kó kàn án pa, kó ṣẹ́ ku ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tówó máa gbà wọlé. Ó wò mí títí, ó wá kó ìṣòó bò ó bí ẹni tó ń kan pósí olówó. Òfin tí mo ṣe ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí kóló yẹn di oṣù Kejìlá 2023. Mi ò sì fi owó wẹ́wẹ́ dójú tì í. Igba náírà ni mò ń jù sí i, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àti ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn ti ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kéde pé àwọn owó bébà mẹ́ta yẹn gan-an làwọn fẹ́ pààrọ̀, pé bí oṣù Kìíní 2023 bá ti parí, ti àtijọ́ ò ní jẹ́ ná mọ́. Mi ò lè purọ́ pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo tún bá èèyàn jiyàn lé e nínú máíkírà. Ohun tí mo sọ ni pé irú gbèdéke bẹ́ẹ̀, wọ́n á sún un. Mo délé, mo ju ẹgbẹ̀rún méjì sí kóló.

Kérésì dé, ọwọ́ mi gbẹ, Tọ́lá fẹ́ bàtà. Òru ni mo mú un. Mo fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù sórí ẹ̀, mo fàyà wọ́ sábẹ́ ibùsùn níbi tí kóló wà, mo fi eyín di fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lè tàn sójú ihò. Mo ki ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, mo yí i, mo fà á. Ẹgbẹ̀rún kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí orí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Báńkì Àpapọ̀ méjèèjì tí wọ́n yà sójú ẹ̀ kó tó tún yọ̀ bọ́ padà. Itọ́ ti ń dà lára fóònù. Mo tún kì í bọ̀ ọ́. Àṣé ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níta láti orúnkún, ibẹ̀ sì ni Ìyá Tọ́lá fẹsẹ̀ kọ́ nígbà tó dìde pé kóun lọ tọ̀.

“Olè!”

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, fóònù ò jẹ́ kẹ́nu mi pàdé. Ohun tó jáde kì í ṣe ohùn èèyàn. Bàtà gogoro tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló fà yọ, ojúgun mi ló sì fi lù. Kí n tó wọ́ jáde, àwọn ará ilé kejì ti ń kanlẹ̀kùn, ọ̀kan ń pariwo pé ká má jẹ̀ẹ́ kó fò fèrèsé. Ìyá Tọ́lá tanná. Ó wo ìgbálẹ̀, ó wo gọ́ọ̀mù tó ti mú irùngbọ̀n mi, ó wo kóló.

“Bàbá Tọ́lá, owó yín lẹ ń jí?”

Mo ní àyẹ̀wò ni mò ń ṣe.

Wọ́n ń bi wá látìta pé ṣé a ti mú un. “A ti mú un,” ló dá wọn lóhùn. “Ẹ lọ sùn, ará ilé ni.”

Nígbà tí ìparí oṣù Kìíní dé, wọ́n sún gbèdéke náà lóòótọ́, ó di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ẹ bá rí mi bí mo ṣe ń yan kiri nínú ilé. Ìyá Tọ́lá ní kí n ṣí i wàyí, kí n gbé owó ọ̀hún lọ báńkì. Mo ní ẹni tó bá sún un lẹ́ẹ̀kan á sún un lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò sún un. Ẹ rántí bí ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe rí: owó tuntun ò sí nílẹ̀, ti àtijọ́ ò ṣeé ná, àwọn èèyàn ń fowó rowó lọ́wọ́ àwọn oní-POS, wọ́n ń tò sẹ́nu báńkì láti ìdájí. Èmi ní àpótí owó lábẹ́ ibùsùn, mi ò sì lè ra èpà. Mo sáré tọ káfíńtà lọ pé kó wá bá mi fa ìṣòó rẹ̀ yọ. Ó ní kò burú, ó dárúkọ owó iṣẹ́, ó wá fi kún un pé, “Owó tuntun ni o, ọ̀gá.”

Ni mo bá gbé ọmọ odó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ lé kóló, kóló ò mira, táìsì ilẹ̀ ló là. Mo tún sọ ọ́, ọmọ odó ta padà, ó gbá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí pákó máa fi gbà, mo ti wà lórí ìjókòó, Tọ́lá ló ń bá mi ṣa owó nílẹ̀, ó ń bi mí pé kí ló dé tí díẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn.

Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ìparí ọdún. Àmọ́ ìdájọ́ kì í tètè dé ìsọ̀ aláta. Ó tún gbà wá ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó máa gbà á lọ́wọ́ wa láì kọ́kọ́ gbé e sókè wò. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń gbà á ní Bódìjà, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n lè tún yí i padà kó tó dalẹ́, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò, mo lọ fi ra odidi àpò ẹ̀wà. Mo ní rírà lọ́pọ̀ ló ń dínwó kù. Ìyá alẹ́wà tó tà á fún mi bi mí bóyá mo ní ata gbígbẹ nílé tí màá dà sí i. Mo dúpẹ́, mo ní a kì í jẹ ata púpọ̀. Kí òjò tó gbalẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gbọ́, ẹ ó máa gbọ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ìṣúná mi nínú àpò.

Ní gbogbo àkókò yẹn, èésú ti kan Ìyá Tọ́lá. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí owó náà sùn nílé wa, bóyá nítorí ẹni tó wà nílé ni, mi ò bi í. Ó fi ra epo pupa, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì, nígbà tí epo pọ̀ lọ́jà tó sì pọ́ọ́kú. Ó tò wọ́n sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí mo fi ń fẹsẹ̀ kọ́ wọn. Mo ní kí nìdí tá ò fi kúkú fi owó yẹn pamọ́. Ó ní òun ti fi pamọ́.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ìjọba tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí iye tí wọ́n fi lé e tẹ́lẹ̀ ò tó igba náírà lítà kan fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo lọ ṣí léjà. Ìlà méjì tí mo fi rúlà fà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n gún régé.

Ibi tí mo ti rántí alájọ Ṣómólú nìyẹn, Alphaeus Táíwò Ọlúnáíkẹ, ọmọ Ìsọ̀nyìn ní Ìjẹ̀bú, ẹni tí wọ́n fi ń júwe olórí pípé nílẹ̀ yìí, tí wọ́n ní ó ta mọ́tò, ó ra bàsíkù. Mọ́tò ò lè wọ kọ̀rọ̀ tó ti ń gbàjọ, bàsíkù lè wọ̀ ọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Mo ra bàsíkù tòkunbọ̀. Kìkì pé mi ò ta mọ́tò, mo kàn gbé e sílẹ̀, mo sì gbàgbé pé Ṣómólú l'Ékòó tẹ́jú. Ẹni tó bá ti fi bàsíkù gun òkè Mọ́kọ́lá nígbà tí oòrùn ń ràn mọ ohun tí mò ń sọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í, awakọ̀ máíkírà kan dẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gùn ún ni àbí òun ló ń gùn yín?” Kí n tó padà sídìí mọ́tò, eku ti jẹ wáyà inú ẹ̀ tán. Iye tí rẹwáyà gbà lọ́wọ́ mi wà nínú léjà, lójú ewé tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò fa ìlà fún. Ìyá àgbà ilé àwọn àna mi darúgbó, wọ́n sùn, ẹbí mú aṣọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ìyá Tọ́lá pè mí lórí fóònù pé báyìí ni aṣọ ẹbí ṣe jẹ́. Mo fi pẹ̀lẹ́ fèsì pé, “Ẹ má bínú, sà, kò sí nínú ìṣúná tọdún yìí.” Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní kò burú. Lọ́jọ́ Sátidé, àgbà mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé wa, wọ́n gbé gàrí àti iṣu lọ́wọ́, ojú wọn le. Ẹbí ti ṣèpàdé, wọ́n ti fẹnu kò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, pé ìtìjú ni mi ò fi sọ. Wọ́n gbàdúrà fún mi, ó pẹ́ díẹ̀. Ṣé mo wá lè jẹ́ kí àna lọ lófìfo? Mo pa adìyẹ, mo ra ohun mímu, mo wá owó ọkọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo lọ ra aṣọ ẹbí, torí pé kò sí ọkọ ọmọ tó máa wọ aṣọ ọ̀tọ̀ lọ síbi ìsìnkú ìyá àgbà ìyàwó ẹ̀.

Owó iléèwé Tọ́lá? Epo pupa ló san án.

Nígbà tí 2023 fi máa tẹnu bepo, Ìyá Tọ́lá ló mú mi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n gbà mí sí èésú ọdún tó ń bọ̀. Mo bá alága wọn lórí àpótí: ìyá alẹ́wà. Wọ́n wò mí, wọ́n béèrè àlàáfíà ẹ̀wà. Mo ní ó ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní àwọn máa fún mi ní nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, torí pé ẹni tí a ò bá tíì mọ̀ dáadáa kì í ṣíwájú kó. Wọ́n ní ta ló máa dúró fún mi. Ọjà dákẹ́. Mo wo Ìyá Tọ́lá, ó wo ilẹ̀, ó tún wo àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kó tó rọra nawọ́ sókè.

“Kò burú,” ni ìyá alẹ́wà wí, wọ́n kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn páálí ìndómì. “Àmọ́ o, ọ̀gá, a ò gba owó tó bá ti ní gọ́ọ̀mù lára.”