Ọkọ̀ Bọ́nì Kò Lè Gba Gbogbo Yín

Ẹ bá mi di etí ẹní yìí mú kí n rí ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá Máríìnì ti tún bẹ̀rẹ̀ o. Ó ní òun wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó kó sójà Nàìjíríà lọ sí Bọ́nì, ìlú etí òkun, nígbà ogun Biafra. Tí a bá ka gbogbo bàbá tó ní òun wọ ọkọ̀ yẹn, láti Ògòtún níbí títí dé Ìgbàrà-Odò, a jẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀hún ti rì kó tó kúrò l'Ékòó.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe àlọ́ ṣá. NNS Lokoja lorúkọ rẹ̀, ìparí oṣù keje ọdún 1967 ló já àwọn ọmọ ogun Adékúnlé sí Bọ́nì, nígbà tí ogun Biafra kò tíì pé oṣù kan. Benjamin Adékúnlé yìí, ọ̀gá sójà Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Àkeekèé Dúdú, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kò ga rárá. Ẹ mọ̀ bí ọkùnrin kúkúrú ṣe máa ń rí: ọkọ àǹtí mi kan wà, tó bá húkọ́ níta báyìí, ewúrẹ́ á sá wọlé. Kí ni mo tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, Bọ́nì.

Third Marine Commando ni wọ́n padà sọ ẹgbẹ́ ogun náà. Máríìnì lorúkọ, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi wọ́ inú ẹrọ̀fọ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, sójà Nàìjíríà kò ju bíi 10,000 lọ. Kó tó parí, wọ́n ti lé ní 200,000. Níbo ni wọ́n ti rí wọn? Àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ forúkọ sílẹ̀ ni: kápẹ́ńtà, ọmọ ọ̀dọ̀ onímọ́tò, ẹni tí ilé sú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ṣẹ́ tí wọ́n ti gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Bàbá Máríìnì ní ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ló gbé òun lọ. Ìyá tó bí i sọ fún ìyá mi pé gbèsè èsúsú ni.

Ẹ̀rù kúkú ba gbogbo wa nígbà náà. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Biafra gba Bẹ́níì, ni wọ́n bá rìn dé Ọ̀rẹ̀. Láti Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó, láti Oǹdó sọ́dọ̀ wa, kí ló kù? Ta ló sì kó wọn bọ̀? Victor Banjo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa! Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ "ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀". Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, Ojúkwu, olórí Biafra, ní kí wọ́n yìnbọn pa Banjo. Ìyá mi ti di ẹrù tiẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ dì. Bàbá mi ní ṣé ìkòkò ló fẹ́ fi bá Biafra jà ni.

Ó dáa. Ìyàwó Bàbá Máríìnì wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 1967. Èmi ni mo gbé àtùpà síwájú ìyàwó. Ọkọ ìyàwó jókòó síbẹ̀, ó ń jẹyán. Mo wá bi í pé báwo lẹ ṣe dé Bọ́nì ní oṣù keje? Ó ní Adékúnlé ló fún òun láyè wálé, tó tún fún òun lówó ìdána. Ìyàwó rẹ̀ ní a jẹ́ pé owó ọ̀hún ṣì wà ní Bọ́nì, torí kò dé ọwọ́ bàbá òun.

Lójú tèmi, ọdún 1968 ló lọ, bóyá lẹ́yìn tí wọ́n gba Port Harcourt ní oṣù karùn-ún. Adékúnlé ń lérí nígbà yẹn pé òun á gba Owerri, Aba àti Umuahia. Ó gba Aba, ó gba Owerri ní oṣù kẹsàn-án, Umuahia kọ̀ fún un. Biafra wá yí àwọn sójà rẹ̀ tó wà ní Owerri ká fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bàálù ló ń ju oúnjẹ sí wọn. Oṣù kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n tó rí ọ̀nà jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Ọbásanjọ́ gba ipò lọ́wọ́ Adékúnlé, òun ló sì parí ogun náà ní oṣù kìíní ọdún 1970.

Ẹ bi gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa ní òun wà ní Owerri. Bọ́nì ni gbogbo wọn wà! Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dárúkọ Owerri lójú Bàbá Máríìnì, á fi àmàlà sílẹ̀, á ní inú ń run òun. Èmi kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọdún 1970 ló wálé tòun ti bàtà sójà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí gbogbo ilé kí òun ní sàlúùtù. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ òsì kí i, ó wá tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún: "Owó èsúsú dà?"